Ta Ló Tọ́jú Ìjọ Ìbàdàn Dàgbà?

Láti ọwọ́ Ọmọ Oníyanrìn

Ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fún ìbéèrè yìí, láti Oníyanrìn títí dé Kúdẹ̀tì ní Ìbàdàn, kò ju orúkọ tọkọtaya kan lọ: David Hinderer, ọmọ Jámánì tí ẹgbẹ́ ajíhìnrere C.M.S. rán wá, àti Anna, aya rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Ìdáhùn náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò kún. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wọn ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ yóò rí i pé àwọn ọmọ Yorùbá ló tọ́jú ìjọ náà dàgbà, ó sì yẹ kí ìtàn tí wọ́n ń kọ́ ọmọdé sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọdún kò le. Ní 1851 ni Hinderer kọ́kọ́ wọ Ìbàdàn láti wo bí ìlú náà ti rí. Ní 1853, nígbà tí Olúgbodè jẹ́ Baálẹ̀, òun àti Anna wá láti máa gbé, wọ́n sì tẹ̀dó sí Kúdẹ̀tì. Ẹni tó ń ka 1851 ń ka ìgbà tí ajíhìnrere náà kọ́kọ́ dé. Ẹni tó ń ka 1853 ń ka ìgbà tí iṣẹ́ fìdí múlẹ̀. Kò sí ìjà níbẹ̀. Ohun tó le ni mímọ ẹni tó ṣe kí ni, nítorí pé ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan ní ibi tó dúró sí nígbà tó ń wò.

Ẹ̀rí tó gbajúmọ̀ jù ni ìwé Anna, Seventeen Years in the Yoruba Country, tó jáde ní 1872. Anna ti kú ní 1870; lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n ṣa àwọn lẹ́tà àti ìwé ìrántí rẹ̀ jọ. Ìròyìn kò tó àfojúbà: òun ló tọ́ àwọn ọmọ tó gbà sílé, òun ló sì fara gbá ebi nígbà tí ogun Ìjàyè, tó bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, dí ọ̀nà mọ́ wọn. Ẹ̀rí yẹn kò ṣe é jù nù. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn tó ń kọ̀wé sí wà, àwọn ni wọ́n sì ń ti iṣẹ́ ìhìnrere lẹ́yìn. Kò yani lẹ́nu pé Anna ló wà láàárín ìtàn náà, tí àwọn ọmọ Yorùbá tó bá a ṣiṣẹ́ wà létí.

Ẹlẹ́rìí kejì ni Samuel Johnson. Hastings ní ilẹ̀ Sàró ni wọ́n ti bí i ní 1846. Ọmọdé ni nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ mú un wá sí Ìbàdàn, ó sì kàwé lọ́dọ̀ àwọn Hinderer. Kò sí níbẹ̀ ní 1853. Ohun tó kọ nípa ọdún yẹn, ohun tó gbọ́ ni. Ó parí The History of the Yorubas ní 1897, àkọsílẹ̀ náà sọnù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun fúnra rẹ̀ kú ní 1901. Dókítà Obadiah Johnson, àbúrò rẹ̀, ló tún un kọ láti inú ohun tó ṣẹ́ kù, kó tó jáde ní 1921. Ọwọ́ méjì ló wà nínú ìwé kan. Èyí kò tó ìdí láti pa Johnson tì, àmọ́ ó yẹ kí òǹkàwé mọ ibi tó ti fojú rí àti ibi tó ti fetí gbọ́.

Bí a kò bá bá ìtàn, a ó bá àrọ́bá. Àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ìdílé Olúnlọ́yọ̀ ń sọ ọ́ pé baba ńlá àwọn fi ọmọ rẹ̀ méjì, Akínyẹlé àti Yéjídé, lé àwọn Hinderer lọ́wọ́. Ìwé Anna náà sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yìí. Ìpàdé bẹ́ẹ̀ lágbára, bí ó bá dájú pé ìtàn ẹnu kò tinú ìwé wá. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí olùwádìí bi àgbàlagbà léèrè ibi tí òun náà ti gbọ́ ọ.

Ẹ̀rí tó wúwo jù, tí àwọn ará ìlú kò sì kà tó, ni ìròyìn iṣẹ́ tí àwọn ọmọ Yorùbá kọ ránṣẹ́ sí C.M.S.: Daniel Olúbí, James Òkúṣẹ̀ìndé àti Samuel Johnson náà. Yunifásítì Birmingham ni àwọn ìròyìn náà wà lónìí. Àwọn òṣìṣẹ́ yìí náà ń kọ̀wé sí ọ̀gá wọn, nítorí náà kí òǹkàwé ṣọ́ra. Síbẹ̀, bí iṣẹ́ ti ń lọ ni wọ́n ń kọ ọ́, wọn kò dúró dìgbà tí ọdún bá ti gbàgbé ọ̀rọ̀. Ọdún tó wà láàárín pàápàá ń jẹ́rìí: àwọn Hinderer lo ọdún 16, wọ́n sì kúrò ní 1869. Olúbí, tó bá wọn ti Abẹ́òkúta wá, kò kúrò. Òun ló di aṣáájú iṣẹ́ náà, ogun Kírìjì bẹ́ sílẹ̀ ní 1877 bá a níbẹ̀, ó sì parí lójú rẹ̀. Ìgbà tó kú ní 1912, ọdún 43 ti kọjá lẹ́yìn àwọn Hinderer.

Àwọn onímọ̀ ńkọ́? J.F. Adé Àjàyí, nínú ìwé rẹ̀ ti 1965, tẹnu mọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé tuntun tí iṣẹ́ ìhìnrere bí. E.A. Ayándélé, ní 1966, tẹnu mọ́ bí iṣẹ́ náà ṣe la ọ̀nà fún ìjọba òyìnbó. J.D.Y. Peel, ní 2000, fi ìròyìn àwọn òṣìṣẹ́ ọmọ Yorùbá ṣe ìpìlẹ̀ ìwé tirẹ̀. Àwọn kan yóò ní bí àwọn onímọ̀ kò bá fẹnu kò, kí kálukú gba èyí tó wù ú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọn kò jiyàn lórí ọdún, ènìyàn àti ogun. Ìtumọ̀ wọn ni iyàn wà lé. Níbi tí àwọn tí èrò wọn yàtọ̀ bá ti ṣọ̀kan, ẹ̀rí ńlá ló lè yí i padà. Níbi tí wọ́n bá ti yapa, ìdí tí wọ́n mú wá ni kí ènìyàn wò, kì í ṣe òkìkí wọn.

Òṣùwọ̀n kan náà ló bá ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀sìn Kristi ní Jerúsálẹ́mù mu. Nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn ikú Jésù ni Pọ́ọ̀lù ń kọ lẹ́tà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ìhìnrere Máàkù jáde ní nǹkan bí ọdún 70. Josephus, tó jẹ́ Júù, dárúkọ Jésù, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ọwọ́ onígbàgbọ́ kan ti fi kún ọ̀rọ̀ rẹ̀. Tacitus, ará Róòmù tí kò fẹ́ràn àwọn Kristẹni, kọ ọ́ pé Pílátù ló pa Kristi. Bart Ehrman, tí kì í ṣe onígbàgbọ́, kọ odidi ìwé ní 2012 láti fi hàn pé Jésù gbé ayé rí. Ẹni tó ní ẹ̀ṣẹ̀ ni ìwádìí àti ẹni tó ní àlọ́ ni gbogbo rẹ̀, agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá ni àwọn méjèèjì, àgbà òṣìkà sì ni irú wọn. Lúùkù fúnra rẹ̀ ṣàlàyé ní ìbẹ̀rẹ̀ ìhìnrere rẹ̀ pé òun ṣèwádìí kí òun tó kọ̀wé. Ìgbàgbọ́ tí ìwádìí bí kò gbọ́dọ̀ sá fún ìwádìí.

Nítorí náà, ojúṣe kan já lé àwọn ìjọ Ìbàdàn léjìká. Nígbàkígbà tí wọ́n bá ń tẹ ìwé àjọ̀dún, kí wọ́n wá ẹ̀dà ìròyìn Olúbí àti Òkúṣẹ̀ìndé wálé, kí wọ́n gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, kí wọ́n sì kọ orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ọmọ Yorùbá sí ojú ìwé kan náà pẹ̀lú ti Hinderer. Kò sí ẹni tí èyí bu iyì kù. Gbèsè ni, ẹ̀rí sì ti fi hàn pé àwọn tó ni ín kò tíì gbà á.