Ẹ Ka Táyà Kí Ẹ Tó Fín Oògùn

Ẹni tí ó bá ti Táíwò Ìsàlẹ̀ gba Táíwò Road kọjá nígbà òjò, ní Ìlọrin Àfọ̀njá yìí, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ wo inú ògbólógbòó táyà lẹ́bàá ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà, kò ní ṣàì bá omi níbẹ̀, àti tanwíjí tí ń jà sókè sódò nínú rẹ̀. Èyí tí ó bà mí lẹ́rù jù nínú ẹ̀fọn tí ń ti irú omi bẹ́ẹ̀ jáde ni abilà-ẹsẹ̀ tí kì í dúró de alẹ́ kí ó tó jẹni, tí nẹ́ẹ̀tì orí bẹ́ẹ̀dì kò fi ká a: òun ní ń gbé ibà dẹ́ńgì kiri. Ibà yìí kì í ṣe àlejò. Àwọn onímọ̀ rí i nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn ní Ìbàdàn láàárín 1964 sí 1968, ó sì yọjú ní Sókótó ní 2023, ọdún kan náà tí ó pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ní Burkina Faso.

Bí ariwo rẹ̀ bá ta, ẹ̀rọ tí ń fín èéfín oògùn ni à ń kọ́kọ́ gbé jáde, bẹ́ẹ̀ ẹ̀fọn tí ń fò nìkan ni èéfín ń pa. Tanwíjí wà nínú omi láìfarapa. Kíkà ni ó yẹ kó ṣáájú, bí àwọn kan ti ṣe rí: nígbà ogun Hitler, Blackett, onímọ̀ físíìsì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, àti àwọn onímọ̀ ìṣirò ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò fi bíbéèrè ọkọ̀ ogun ojú omi sí i ṣe ìbẹ̀rẹ̀; wọ́n ka àwọn ọkọ̀ tí ó rì, wọ́n sì rí i pé bí ọ̀wọ́ ọkọ̀ ẹrù bá ti tóbi tó ni ìpín tí ń ṣòfò nínú rẹ̀ ń kéré tó. Irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Kí àwọn wolé-wolé ka táyà, àgbá àti ìkòkò omi, kí wọ́n mọ èyí tí ẹ̀fọn ti ń jáde jù, nítorí ní ìlú púpọ̀ tí a ti kà á, oríṣi ohun èlò díẹ̀ ni ó ń bí èyí tí ó pọ̀ jù. Láti ẹyin títí dé ẹ̀fọn tó ọjọ́ méje sí mẹ́wàá. Ẹni tí ń bẹ ṣọ́ọ̀bù wò lẹ́ẹ̀kan lóṣù ń fi ẹsẹ̀ ṣòfò ni.

Kí a má sì ti orí owó ìtanràn bẹ̀rẹ̀, nítorí ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí a fi tapólì bo táyà ní apá kan Táíwò Road, kí a fín oògùn ní apá kejì, kí a máa ka tanwíjí ní apá méjèèjì títí òjò yóò fi dá. Ọ̀nà tí ó bá dín ẹ̀fọn kù jù fún owó tí a ná ni kí Ìlọrin yòókù gbà.