Ìbéèrè Ni Kí Àgbà Gbé Padà Wá sí Yunifásítì

Bí ayàwòrán-ilé tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún 15 bá ní òun fẹ́ padà lọ kàwé fún oyè másítà, ohun tí àwọn èèyàn máa ń bi í ni pé, "Kí ló tún kù tí ẹ fẹ́ kọ́?" Ilé tó yà ti dúró, bíríkìlà ń pè é ní ọ̀gá. Lójú wọn, ìwé-ẹ̀rí tó máa gbé kọ́ ògiri ọ́fíìsì ló ń wá. Èmi tí mo padà wá rò pé ẹni tó bá wá nítorí ìwé-ẹ̀rí nìkan yóò gbà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó níye lórí jù ni yóò fi sílẹ̀ lọ. Ìbéèrè ló yẹ kí àgbà gbé wọ kíláàsì.

Ìtàn iṣẹ́ wa ti fi èyí hàn. Ní ọdún 1953, wọ́n ṣe àpérò kan ní University College London lórí ilé kíkọ́ ní ilẹ̀ olóoru. Adédòkun Adéyẹmí, ọmọ Nàìjíríà tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí ní Manchester, wà lára àwọn tó jẹ́ kó wáyé, torí ó rí i pé ohun tí wọ́n ń kọ́ òun kò bá oòrùn àti òjò ilé mu. Ní 1954, Architectural Association ní London dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ náà, níbi tí àwọn tó ti gboyè ayàwòrán-ilé ti lè padà wá kọ́ ọ. Ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ kan ló wà nídìí ẹ̀.

Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní sáìtì wa. Kí ló dé tí ooru kì í kúrò nínú yàrá oníbúlọ́ọ̀kù títí di ọ̀gànjọ́ òru? Kí ló dé tí a fi ń fi gíláàsì bo iwájú ọ́fíìsì l'Ékòó, tí a tún wá ń fi jẹnẹrétọ̀ lé ooru jáde? Kò sáyè ìwádìí ní sáìtì. Agbaṣẹ́ṣe ń dúró de àwòrán, onílé ń pè lórí fóònù. Yunifásítì ló ní àyè láti wọn ooru yàrá kan fún oṣù mẹ́ta, òun ló sì ní olùkọ́ tí yóò béèrè pé, "Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Ìtìjú ló ṣòro jù níbẹ̀. Kò rọrùn kí olùkọ́ tó jẹ́ àbúrò ẹni máa fi bírò pupa fa ìlà sí àwòrán ẹni lójú àwọn ọmọdé. Ṣùgbọ́n ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì mi kọ́ mi bí kọ̀ǹpútà ṣe ń fi ipa oòrùn hàn lára ilé kí a tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Èmi náà fi ìdí tí òrùlé fi máa ń jò hàn wọ́n, níbi tí gọ́tà bá fara pamọ́ sẹ́yìn ògiri.

Nítorí náà, kí ẹ̀ka wa ṣètò kíláàsì ọjọ́ Jímọ̀ àti Sátidé fún àwọn tó níṣẹ́ lọ́wọ́, kí wọ́n má bàa fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó lè kàwé. Ẹ̀yin tí ẹ ti jáde, bí ohun kan bá ti ń dà yín láàmú ní sáìtì láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbólóhùn kan. Ẹ mú un dání bí ẹ bá ń bọ̀.