Ìjà Wọn Jọ Tiwa, Ìparí Rẹ̀ Ni Kò Jọ Ọ́

Ọ̀rọ̀ ọkọ àti aya ló délẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, irú èyí tí à ń wò nínú àwàdà orí tẹlifíṣọ̀n, tí a máa ń rín títí omi á fi máa bọ́ lójú wa.

Àwọn kan máa ń sọ pé àwàdà kò wúlò fún nǹkan kan. Irọ́ ni! Àwọn àgbà ló sọ pé bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín. Eré tí ọkọ ti ń ra mọ́tò fún ìyàwó, tí ìyàwó ń pe ọkọ ní oyin láti àárọ̀ dalẹ́, ilé ta ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ọkùnrin tó fi owó ọbẹ̀ pamọ́ sínú ìbọ̀sẹ̀, tó wá ń sọ fún ìyàwó pé iṣẹ́ kò yá, ẹ ó ní, "Háà, ọkọ mi rèé!"

Ẹ jẹ́ ká mú Papa Ajasco. Inú ìwé apanilẹ́rìn-ín Ikebe Super, tí Wale Adenuga bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1976, ni a ti kọ́kọ́ mọ baálé apárí yìí. Wọ́n fi í ṣe sinimá ní ọdún 1984, ó sì bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n láàárín àwọn ọdún 1990. Kí ni ìṣòro Papa Ajasco? Ó níyàwó nílé, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára obìnrin tó ń kọjá. Mama Ajasco á gbọ́, ilé á gbóná. Boy Alinco ńkọ́? Ó wọṣọ, ó fi dígí sójú, àpò gbẹ. Ní ti Miss Pepeiye, owó ló mọ̀. Bí o kò bá lówó, máa kọjá lọ. Ẹ sọ fún mi, àdúgbò wo ni kò ní Boy Alinco àti Miss Pepeiye tirẹ̀?

Ẹ tún wo Fuji House of Commotion, tí Amaka Igwe, tó di olóògbé ní ọdún 2014, gbé jáde ní ọdún 2001. Inú eré rẹ̀ tó ṣáájú, ìyẹn Checkmate, ni Chief Fuji ti wá. Kunle Bamtefa ló ṣe Chief Fuji, baálé oníyàwó púpọ̀, tí àwọn ọmọ kún ilé rẹ̀ bí eṣú. Ngozi Nwosu ló ṣe Peace, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó. Ẹni tó bá ti gbé ilé olórogún rí mọ̀ pé wọn kò bù mọ́ ọn. Baálé á máa pariwo bí ọba, àwọn obìnrin náà á sì mọ ọgbọ́n tí wọ́n máa fi yí i po.

Òótọ́ ni gbogbo èyí. Àwàdà ń sọ òótọ́ nípa bí ìjà ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Bí ìjà ṣe ń parí ni kì í sọ òótọ́ nípa rẹ̀.

Ẹ fara balẹ̀, ẹ gbọ́ mi yé. Eré yìí kì í ju nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Ọwọ́ tẹ ọkọ pẹ̀lú obìnrin, ìyàwó lé e kiri ilé, a rẹ́rìn-ín, ó tán. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, ìyàwó á tún ti wà nílé, ọbẹ̀ á wà lórí iná, bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ta ló bẹ̀ ẹ́? Ta ló pe ẹbí jọ? Òru mélòó ló fi sunkún? Wọn kì í fi ìyẹn hàn wá, nítorí pé kò pani lẹ́rìn-ín. Bí Mama Ajasco bá sì kó ẹrù lọ sílé bàbá rẹ̀, báwo ni eré ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ á ṣe wáyé?

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1951 sí 1957, àwàdà kan wà tó gbajúmọ̀ púpọ̀, I Love Lucy lorúkọ rẹ̀. Lucille Ball ni ìyàwó, Desi Arnaz ni ọkọ. Tọkọtaya gidi ni wọ́n, ọdún 1940 ni wọ́n ṣègbéyàwó. Olórin ni Desi, ọmọ Santiago ní Kúbà. Orin tí wọ́n fi ń dá a mọ̀ ni "Babalú", bẹ́ẹ̀ sì rèé, Ọbalúayé tiwa ni, tí àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé dé Kúbà. Nínú eré náà, Lucy á ná owó ilé sórí ohun tí ọkọ kò mọ̀, á gbé e pamọ́, ọkọ á rí i, ariwo á ta. Ṣé ẹ rí i pé kò yàtọ̀ sí tiwa?

Tẹlifíṣọ̀n ayé ìgbà náà ń tijú. Bẹ́ẹ̀dì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń fi hàn pé ọkọ àti ìyàwó ń sùn sí, ọ̀rọ̀ oyún gan-an kò sì gbọdọ̀ jáde lẹ́nu wọn. Síbẹ̀, oyún gidi ló wà nínú Lucille. Ọjọ́ 19 oṣù kìíní ọdún 1953 tí wọ́n fi eré ìbímọ rẹ̀ hàn, ọjọ́ náà gan-an ló bímọ ọkùnrin lọ́sibítù!

Ẹ wá gbọ́ ìparí rẹ̀. Lójú eré, ìjà wọn kì í pẹ́ tán. Nínú ilé, kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 1960, ọjọ́ kejì tí wọ́n ya eré àjọṣe wọn tó kẹ́yìn, ìyàwó gba kóòtù lọ láti kọ ọkọ. Àwọn tó ń parí ìjà lójú gbogbo ayé kò lè parí tiwọn.

Ibi tí ewu wà nìyí. Ọkùnrin tó ń wo irú eré yìí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ á rò pé obìnrin máa ń gbàgbé ni. Ó ṣẹ̀ lánàá, ó wọlé lónìí, ó ń béèrè oúnjẹ, ó wá ní, "Ṣé o ṣì ń bínú ni?" Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó yàgbẹ́ ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ọmọbìnrin tó sì ń wo Miss Pepeiye kò rí ọjọ́ tí ọkùnrin á dúró sẹ́nu ọ̀nà, tí á ní kí wọ́n dá owó òun padà.

Mi ò ní kí ẹ pa tẹlifíṣọ̀n o. Ẹ wò ó, ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa. Ṣùgbọ́n bí eré bá parí, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rín náà ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tó ti há sí ìyàwó lọ́fun láti ọjọ́ pípẹ́ lè bá ibẹ̀ jáde: "Bàbá Bísí, ohun tí Papa Ajasco ṣe yẹn, ẹ̀yin náà ṣe é sí mi, ó sì dùn mí." Kí ọkọ má fi ẹ̀rín bò ó. Kó ní, "Mo ṣẹ̀ ọ́, má bínú." Ẹnu kì í bó. Bí oníbàárà kò bá tíì sanwó iṣẹ́, ẹ sọ fún ìyàwó kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ má ṣe pariwo bí Chief Fuji. Obìnrin tó mọ̀ pé owó kò sí á wá ẹ̀wà sè. Èyí tí wọ́n bá purọ́ fún, àpò ṣòkòtò ló máa tú.

Tó bá wá jẹ́ pé lílù ni ọkọ ń lu ìyàwó, ìyẹn kúrò ní àwàdà. Ẹ má rín in. Ẹ tètè pe àwọn àgbà, kí obìnrin náà sì kúrò níbẹ̀ kí ó tó di ẹjọ́ òkú.

Ahọ́n àti eyín ń jà, wọ́n sì jọ ń gbénú ẹnu kan náà. Ta ló máa ń kọ́kọ́ bẹ ẹnì kejì nílé tiyín? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ojú ìwé lẹ́tà wa. Ẹ má kàn kọ orúkọ ọkọ yín síbẹ̀ o, kí ìjà mìíràn má baà bẹ̀rẹ̀! Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.