ILÉ TÍ A TÌ PA: NÍBO NI ÒṢÌṢẸ́-FẸ̀YÌNTÌ WA YÓÒ GBÉ?

Ní òpin ọdún kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, ẹni tí ó bá yà sí Ìdó, tàbí tí ó gba Ìfàkì kọjá lọ sí Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé, yóò rí ohun kan tí ó yẹ kí ojú ti gbogbo wa sí. Yóò rí àwọn ilé ńláńlá, alájà méjì, tí ọgbà wọn ga ju orí ènìyàn lọ. Ní ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì, ilẹ̀kùn wọn ṣí, iná tàn nínú wọn, ìlù sì ń dún lójúde. Kí oṣù kìíní ọdún tó dé ìdajì, a ti tì wọ́n pa. Aṣọ́nà kan ṣoṣo àti alángbá ni ó kù níbẹ̀. Ẹni tí ó ni ilé náà ti padà sí yàrá méjì tí ó háyà ní Èkó, níbi tí kò ti ní iṣẹ́ mọ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì dúró dè é.

Àwa kò sọ èyí láti fi ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín. Àwọn kan nínú àwa tí ń kọ ìwé yìí ní kọ́kọ́rọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ lápò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ohun tí à ń sọ ní kọ̀rọ̀. Àwọn tí ó wọ iṣẹ́ ìjọba ní ọdún 1996 tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ yóò pé ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́ ní 2031, òfin yóò sì ní kí wọ́n máa lọ ilé, àyàfi àwọn olùkọ́ tí a fi kún ọjọ́ tiwọn ní 2022. Ilé wo ni wọn yóò lọ? Ẹ̀yin Kábíyèsí, ẹ̀yin ìjòyè, àti ẹ̀yin ọmọ ìlú tí ẹ wà lẹ́yìn odi, ẹ̀yin ni a bi.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ti dáhùn ìbéèrè yìí ní ọ̀nà tiwọn. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1960, ọ̀gbẹ́ni Del Webb, ọ̀gá akọ́lé, ṣí ìlú kan tí a ń pè ní Sun City sílẹ̀ ní aṣálẹ̀ Arizona, ní tòsí ìlú Phoenix, fún àwọn tí ó ti fẹ̀yìn tì. Ẹni tí òtútù àti yìnyín ìhà àríwá ti sú lè ta ilé ńlá rẹ̀, kí ó sì fi owó tí agbára rẹ̀ ká ra ilé kékeré kan níbẹ̀, níbi tí oòrùn ti ń ràn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀. Ìlànà ìlú náà ni pé ẹnìkan nínú ilé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ti tó ọdún 55, ọmọdé kò sì gbọdọ̀ fi ibẹ̀ ṣe ibùgbé. Ọmọ-ọmọ lè wá kí bàbá-bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ bá a gbé.

Ní ilẹ̀ tiwa, ìlú tí a kò bá ti gbọ́ igbe ọmọdé, ńṣe ni a máa ń béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Síbẹ̀, àwa kò bú àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Wọ́n jókòó, wọ́n sì ṣírò: èló ni ilé, èló ni owó-orí, báwo ni dókítà ti jìnnà sí, ta ni yóò máa bá mi sọ̀rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́? Tiwa kì í ṣe ìṣirò rárá. Ọ̀pọ̀ nínú wa a fi ìgbéraga kọ́lé sí ilé, a sì fi ìbẹ̀rù jókòó sí Èkó, a ó sì san owó àwọn méjèèjì.

Ní àkókò yìí, àwọn tí ń ta ilẹ̀ ní Mowe àti Ìbafo, lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ti mọ̀ wá dájú. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ni ó kó owó tí ó gbà lọ́jọ́ ìfẹ̀yìntì fún wọn, tí ọmọ onílẹ̀ sì gba owó ìpìlẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó tún gba owó òrùlé, kí ó tó mọ̀ pé kò sí ẹnikẹ́ni ní àdúgbò náà tí ó mọ orúkọ bàbá òun. Bí ó bá ṣàìsàn ní òru, ta ni yóò ké sí?

Ẹ jẹ́ kí àwa náà ṣírò. Lábẹ́ òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014, òṣìṣẹ́ a máa dá ìpín 8 nínú 100 owó oṣù rẹ̀, ẹni tí ó gbà á síṣẹ́ a sì máa fi 10 kún un. Ohun tí ó bá kó jọ ni yóò máa jẹ. Nígbà tí owó oṣù tí ó kéré jù lọ kúrò ní 30,000 náírà tí ó di 70,000 ní 2024, ẹni tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ni àfikún náà kọ́kọ́ kàn. Ọjà kò sì béèrè bóyá o ti fẹ̀yìn tì kí ó tó wọ́n. Kí ẹnikẹ́ni má sì gbẹ́kẹ̀ lé ìjọba nìkan. Ní 2011, ìjọba Èkìtì bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn arúgbó tí ó ti tó ọdún 65 ní 5,000 náírà lóṣù. Ètò tí ó dára ni, àwọn ìyá wa sì fi gbàdúrà fún àwọn tí ó dá a sílẹ̀. Nígbà tí ìjọba yí padà ní 2014, ó dúró.

Nítorí náà, ẹni tí owó rẹ̀ kò ní pọ̀ sí i gbọ́dọ̀ wá ibi tí ìnáwó rẹ̀ yóò gbé dínkù. Ibi tí kò ti ní san owó ilé, nítorí pé ilẹ̀ bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀. Ibi tí iṣu ti ń ti oko dé ẹnu odó láìgun ọkọ̀ ẹrù. Ní ìhà àríwá Èkìtì, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ti wà ní Ìdó láti ọdún 1998, ó sì ti di ilé ìwòsàn tí a ti ń kọ́ àwọn dókítà. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ dé Ọ̀yẹ́ ní 2011, apá rẹ̀ kan sì wà ní Ìkọ̀lé, níbi tí a ti ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ àti iṣẹ́ àgbẹ̀. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí: àwọn ọmọ ẹlòmíràn ń ti ọ̀nà jíjìn wá kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Ìkọ̀lé, nígbà tí ọmọ Ìkọ̀lé tí ó ti fi 30 ọdún ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n ọmọ rẹ̀ ní Èkó, tí ìyàwó ilé sì ń ronú bí òun yóò ti ní kí ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lọ́nà.

Àwọn kan yóò dá wa lóhùn pé kò sí iná. Òótọ́ ni, àwa pẹ̀lú ń gbé nínú òkùnkùn náà. Ẹ̀rọ tí ń gba iná láti ara oòrùn wà lọ́jà, owó tí a fi kọ́ àjà kejì ilé kan ì bá sì rà á lé. Wọn yóò ní Ìdó jìnnà sí Ìkọ̀lé fún aláìsàn òru. Ìyẹn náà tọ́, ìdí rẹ̀ sì nìyí tí a fi ní kí ìlú kọ̀ọ̀kan ní ọkọ̀ kan pẹ̀lú awakọ̀ tí a ń sanwó fún, tí yóò máa sùn sí ìtòsí ààfin.

Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn kan wà tí a kò gbọdọ̀ fi ẹnu fẹ́rẹ́ dáhùn. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2024, àwọn agbébọn pa ọba méjì lójú ọ̀nà ní ìhà tiwa níhìn-ín, Onímòjò ti Ìmòjò àti Ẹlẹ́sùn ti Ẹ̀sùn. Ẹni tí ó bá sọ fún àgbàlagbà lẹ́yìn ọjọ́ náà pé kí ó má bẹ̀rù, kò mọ ohun tí ó ń sọ. A ti ní Àmọ̀tẹ́kùn láti ọdún 2020, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọkùnrin náà. Àwọn tí wọ́n mọ igbó wa jù lọ, àwọn ọdẹ wa, kò ní ọkọ̀, kò ní iná ìtànná, owó tí a ń fún wọn kò sì tó ti onílù tí a pè sí òkú. A bi yín, ẹ̀yin ìjòyè: lẹ́yìn tí a sin àwọn ọba wọ̀nyí, ìlú mélòó ni ó dín owó àríyá kù tí ó sì fi kún owó ọdẹ? Àwọn baba wa tí wọ́n parapọ̀ láti ọdún 1877 títí di 1886 kò dúró kí ẹnìkan ti ibòmíràn wá ṣọ́ ilé fún wọn.

Bí ó ti wù kí ó rí, kì í ṣe agbébọn ni ó lé ọ̀pọ̀ àwọn tí a mọ̀ padà sí Èkó. Àwa ni. Ọ̀rẹ́ wa kan tí ó ti jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé fi Èkó sílẹ̀ nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, ó sì padà sí ìlú rẹ̀, ìlú kan tí a kò ní dárúkọ, nítorí pé kò yàtọ̀ sí ti ẹnikẹ́ni nínú wa. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, wọ́n pa ewúrẹ́ fún un. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìwé bẹ̀rẹ̀ sí wọlé. Owó ìdàgbàsókè ìlú. Owó àtúnṣe gbọ̀ngàn. Owó ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n ti tẹ orúkọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí alága kí wọ́n tó bi í. Owó aṣọ ẹbí fún ìsìnkú ìyá ẹnìkan tí kò fojú rí rí. Ní oṣù kẹta, wọ́n ní kí ó wá jẹ oyè, wọ́n sì ka iye tí oyè náà yóò ná an. Ó fi ọ̀wọ̀ dáhùn pé owó ìfẹ̀yìntì òun kò gbé e. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń pè é ní ahun. Àwọn ọmọdé tí ó ń kọ́ ní ìṣirò lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n kò sí ìjòyè kan tí ó dúpẹ́ ìyẹn. Ní ọdún kejì ó ti ilẹ̀kùn, ó sì lọ. Nígbà tí a bi í pé kí ni ó lé e, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, mo sọ fún wọn pé mo ti fẹ̀yìn tì, wọn kò gbà.”

A fi ẹ̀sùn yìí kan àwọn ìjòyè àti àwọn olórí ẹgbẹ́ láìbẹ̀rù. A ti sọ ẹni tí ó ń bọ̀ wálé di igi owó. A kò fẹ́ ìmọ̀ rẹ̀, a kò fẹ́ àkókò rẹ̀. Àpò rẹ̀ ni a fẹ́. Nígbà tí ó bá sì kú sí Èkó, a ó fi ọkọ̀ mẹ́wàá lọ gbé pósí rẹ̀ wá, a ó pa màlúù, a ó jó fún ọjọ́ mẹ́ta, a ó sì wí pé ó ti padà sílé. Owó ìsìnkú kan bẹ́ẹ̀ ì bá tọ́jú ẹni náà fún ọ̀pọ̀ ọdún láàyè.

Ohun kan kù tí àwọn ọkùnrin kì í fẹ́ kí a sọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìyàwó ni ó kọ̀ láti wá, a sì máa ń dá a lẹ́bi pé ojú rẹ̀ ti là jù. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ó ti fi ogójì ọdún bá ọkọ rẹ̀ kó owó jọ. Ìlú tirẹ̀ lè má jẹ́ Ìkọ̀lé. Ó lè jẹ́ Ìjẹ̀bú tàbí Ọ̀fà. Ó mọ̀ pé nínú àṣà wa aya kì í jogún ọkọ, àti pé àbúrò ọkọ tí kò ru bíríkì kan rí lè wọlé ní ọjọ́ kẹjọ tí a sin òkú, kí ó sì béèrè kọ́kọ́rọ́. Obìnrin tí ó ní ọgbọ́n yóò ha fi ẹ̀rù rẹ̀ sínú ilé bẹ́ẹ̀? Nígbà tí kò bá sì wá, ọkùnrin náà nìkan ni yóò wà nínú yàrá mẹ́jọ, nítorí pé ìyá àwọn ọmọ ti lọ tọ́jú ọmọ tuntun ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ fẹ̀yìn tì sí ilé kọ orúkọ aya rẹ̀ pọ̀ mọ́ tirẹ̀ sínú ìwé ilé náà, kí ó ti ọ̀dọ̀ lọ́yà ṣe ìwé ìhágún, kí ó sì kà á sí etí ẹbí rẹ̀ nígbà tí ó wà láàyè tí ohùn rẹ̀ sì le. Bí ẹbí bá bínú, ó sàn kí ó mọ̀ nísinsìnyí.

Kí ó sì kọ́ ilé tí ó mọ níwọ̀n. Yàrá mẹ́ta, láìsí àtẹ̀gùn, kànga nínú ọgbà, ilé ìwẹ̀ tí orúnkún tí ń dunni lè wọ̀. Kí ó wá ní ọmọ 60 ọdún tí ó ṣì lè gbin iṣu tí ó sì lè mọ orúkọ àwọn ọmọ àdúgbò, má ṣe jẹ́ ìgbà tí ó bá di 75 tí a ó fi gbé e sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò.

Àbá tí a mú wá síwájú àwọn Kábíyèsí kò pọ̀. Kí a kéde pé ẹni tí ó bá ti tó ọdún 65 kò ní san owó ìlú kankan mọ́, bí kò ṣe ti ọdẹ àti ti ọkọ̀ aláìsàn. Kí a má ṣe fi orúkọ ẹnikẹ́ni sí ipò alága láìjẹ́ pé ó fi ọwọ́ sí i. Kí ìpàdé òpin ọdún tí ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí dá owó fún gbọ̀ngàn mìíràn, kí ìjòyè kọ̀ọ̀kan rìn yí àdúgbò rẹ̀ ká, kí ó ka iye ilé tí a tì pa níbẹ̀, kí ó sì kọ ìdí tí onílé kọ̀ọ̀kan fi lọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí onílé náà fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́. Àwọn tí wọ́n bá fi ìwé náà ránṣẹ́ sí wa kí oṣù kejì tó parí, a ó tẹ iye tiwọn jáde ní ojú ewé yìí, ìlú kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Àwọn tí kò bá fi ránṣẹ́, a ó tẹ orúkọ ìlú wọn náà, a ó sì fi àyè iye sílẹ̀ ní òfìfo.