Ìwé Inú Fóònù Dára, Ṣùgbọ́n Ẹ Má Ju Ti Bébà Nù



Láàárọ̀, bí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ bá dá ọkọ̀ wa dúró ní Tólgéètì Ṣàngó, ẹ ó rí i pé kì í ṣe bọ́ọ̀lù nìkan ni àwọn ènìyàn ń wò lórí fóònù mọ́. Àwọn kan ń ka Bíbélì, àwọn kan ń ka Àlùkùránì, àwọn ọ̀dọ́ tó ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́ ń ka ìwé ìdánwò. Àwa kò lòdì sí i. Ìwé mẹ́wàá tí báàgì oúnjẹ wa kò lè gbà, fóònù kan gbà á. Àgbàlagbà tí ojú ń dùn sì lè mú kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi sí i.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a la ojú wa. OkadaBooks, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2013 láti máa ta ìwé orí fóònù ní ilẹ̀ wa, kógbá sílé ní ìparí oṣù kọkànlá 2023. Ní òkè òkun, ní 2009, Amazon yọ ìwé George Orwell kúrò nínú ẹ̀rọ àwọn tó ti rà á. Wọ́n dá owó padà, ṣùgbọ́n ìwé ti lọ. Ta ló lè wọ yàrá yín lóru wá mú ìwé bébà lọ bẹ́ẹ̀?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa òṣìṣẹ́ nìyí. Abala 7 nínú Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa sọ pé kí oṣù mẹ́ta tó kọjá lẹ́yìn tí òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún un: owó iṣẹ́, wákàtí iṣẹ́, ìsinmi, àti àkókò ìkìlọ̀ kí iṣẹ́ tó parí. Ní ilé-iṣẹ́ kan ní àdúgbò wa, orí fóònù nìkan ni wọ́n kó ìwé òfin iṣẹ́ sí. Ọjọ́ tí wọ́n dá ọmọ ẹgbẹ́ wa kan dúró ni wọ́n ti ilẹ̀kùn ibẹ̀ mọ́ ọn. Ó rántí ohun tó kà, ṣùgbọ́n kò rí ohun tí yóò fi hàn. Àwa tí a lọ gbèjà rẹ̀, ọwọ́ lásán ni a gbé lọ síwájú ọ̀gá.

Àwọn kan yóò ní bébà ti wọ́n. Òótọ́ ni. Nítorí náà, ìwé ìtàn àti ìwé ẹ̀kọ́, ẹ kà á níbi tó bá rọ̀ yín lọ́rùn. Ṣùgbọ́n lẹ́tà ìgbàsíṣẹ́, àdéhùn ẹgbẹ́ pẹ̀lú ilé-iṣẹ́, àti ìwé owó oṣù, bébà rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nílé.

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá ni pé kí wọ́n tẹ ìwé òfin iṣẹ́ fún olúkúlùkù, kí wọ́n tó fi sórí fóònù. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ọjọ́ tí ìwé bá wọ fóònù yín ni kí ẹ ti tẹ̀ ẹ́ jáde. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè: kí ọ̀dọ́ fi fóònù han àgbà, kí àgbà kọ́ ọ̀dọ́ bí a ṣe ń pa ìwé mọ́.

Ìṣọ̀kan òṣìṣẹ́ láéláé!