Ta Ló Kọ́kọ́ Ṣe É?

Jórinjórin tó ronú títí nítòsí ọjà Odò-Orí n'Ìwó, tó wá rí ọ̀nà tuntun tí ẹ̀rọ yóò fi máa yan gàrí láìjóná, kí ló kọ́kọ́ máa ń ṣe? Á gbé e síta ni. Á ní káwọn ìyá onígàrí wá wò ó. Wàhálà ọ̀hún kì í ṣẹ̀yìn ibẹ̀ yẹn.

Òfin ọdún 1970 ní Nàìjíríà sọ pé ohun tuntun nìkan ni èèyàn lè gba ìwé lé lórí, tí ẹlòmíì ò fi ní lè ṣe é láìgbàṣẹ fún 20 ọdún. Tuntun yìí kì í ṣe tuntun n'Ìwó nìkan o! Bí ẹnì kan ní Ṣáínà bá ti ṣe é rí, tàbí tó tiẹ̀ ti sọ ọ́ ní gbangba, ó ti di ògbólógbòó lójú òfin. Kódà kó jẹ́ ẹni tó ni ín gan-an ló pàtẹ rẹ̀ kó tó fìwé sílẹ̀, àfi níbi ìpàtẹ àgbáyé tí ìjọba mọ̀ sí, láàárín oṣù 6 péré.

Ẹjọ́ kan wà tó kan èdè Yorùbá fúnra rẹ̀. Ní November 2007, ilé-iṣẹ́ Lancor, tí Adé Oyègbọlá ń darí l'Amẹ́ríkà, pe àwọn One Laptop Per Child, tó ń ṣe kọ̀ǹpútà fáwọn ọmọléèwé, lẹ́jọ́ l'Ékòó. Wọ́n ní wọ́n ra kíbọ́ọ̀dù Konyin méjì, wọ́n tú u wò, wọ́n sì jí ọgbọ́n tó mú kó rọrùn láti tẹ ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn. Owó ìtánràn tí wọ́n bèèrè, 20 mílíọ̀nù dọ́là!

Nicholas Negroponte, ọ̀gá àwọn tí wọ́n pè lẹ́jọ́, ní ọ̀rọ̀ náà ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ètò táwọn ń lò ti wà láti 1996, kí Konyin tó fìwé sílẹ̀ rárá.

Ẹ gbọ́ èsì yẹn dáadáa. Kò ní Konyin ò dáa, ó ní ó lẹ́gbọ̀n-ọ́n ni. Nínú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, adájọ́ á gbé méjèèjì síra wọn. Bí ohun kan ṣoṣo bá wà nínú tuntun tí ògbólógbòó ò ní, wọn ò lè pè wọ́n ní ohun kan náà. Àmọ́ á tún bi í bóyá ọgbọ́n wà nínú ìyàtọ̀ ọ̀hún, àbí ohun tí ọmọṣẹ́ èyíkéyìí lè ṣe ni.

Ìwé tí wọ́n ń gbà l'Abùjá ò sì yanjú ọ̀rọ̀. Wọn kì í wádìí bóyá ohun náà jẹ́ tuntun kí wọ́n tó fún èèyàn. Ẹni tó gbà á ló ni ewu ẹ̀, kóòtù lè fagi lé e lọ́jọ́ kan. Lọ́jọ́ ọ̀hún, àwọn ìyá onígàrí tí jórinjórin pè wá wòran l'Ódò-Orí ni lọ́yà yóò kọ́kọ́ pè láti jẹ́rìí.