Òkè Wo Ni Ó Le Jù fún Ẹni Tí Ó Mọ Òkè Gùn?

Ní ọjọ́ kejì Ọdún Àjíǹde, wọ́n gbé ọkùnrin kan wá sí dìsìpẹ́ńsárì wa ní Odòde Ìdànrè níhìn-ín. Orúnkún rẹ̀ ti wú bí àgbọn. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ti fi ìpara gbígbóná ra á kíkankíkan, èyí tí ó tún dá kún un. "Nọ́ọ̀sì, ẹ gbà mí," ni ó wí. "Mo ti gun Olúmọ ju ìgbà mẹ́wàá lọ, mo sì ti gun òkè Adó-Àwáyè. Kí ni ti Ìdànrè yìí?"

Ẹ̀yin tí ẹ ti gun òkè rí ni mo ń bá wí lónìí. Ẹni tí kò gùn ún rí a máa bẹ̀rù, a máa sinmi, a sì máa mu omi. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n gùn ni kì í gbọ́.

Olúmọ ní Abẹ́òkúta, òkè iyì ni, òun ni ó dáàbò bo àwọn Ẹ̀gbá ní nǹkan bí 1830. Ṣùgbọ́n ìrìn kúkúrú ni fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá. Wọ́n ti ṣe àtẹ̀gùn sí i, wọ́n tilẹ̀ ti fi ẹ̀rọ agbéniròkè sí i. (Kí àwọn ará Abẹ́òkúta má bínú sí mi.) Ti Adó-Àwáyè, lẹ́bàá Ìsẹ́yìn, le jù ú lọ: àtẹ̀gùn 369 ni wọ́n kà níbẹ̀, a óò sì tún rìn lórí àpáta kí a tó dé adágún Ìyakẹ̀.

Àtẹ̀gùn tiwa ju 600 lọ, ibi ìsinmi sì wà lójú ọ̀nà. Ibi tí àtẹ̀gùn parí sí gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Láti ibẹ̀ dé ààfin àtijọ́ ti Ọwá, orí àpáta ni a óò máa rìn. Oòrùn ń jó ni látòkè, àpáta ń jó ni nísàlẹ̀. Àwọn baba wa gbé orí òkè yìí títí di nǹkan bí 1933, ẹsẹ̀ wọn sì ti mọ́ ọn láti kékeré.

Lójú tèmi, ìsọ̀kalẹ̀ ni a fi ń mọ òkè tí ó le. Bí a bá ń gòkè, èémí a máa kìlọ̀ fún ni. Bí a bá ń sọ̀ kalẹ̀, èémí a rọlẹ̀, a óò rò pé iṣẹ́ ti tán. Bẹ́ẹ̀ ni orúnkún àti iṣan itan ń gba ìwúwo ara ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó sì ju 600 ìgbà lọ. Ọkùnrin yẹn sáré sọ̀ kalẹ̀ ni.

Ẹ gbéra ní kùtùkùtù. Ẹ mú omi tó lítà méjì dání lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, kódà nígbà ọyẹ́ tí òógùn ń gbẹ kí a tó rí i. Bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ẹ dúró kí àpáta gbẹ. Kí ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru jẹ́ kí a yẹ òun wò kí ó tó gòkè. Bí òòyì bá ń kọ́ ẹnikẹ́ni, tàbí tí ó ń sọ ìsọkúsọ, ẹ gbé e sí ibòji, ẹ da omi sí i lára, ẹ fẹ́ ẹ, kí ẹ sì tètè gbé e wá.

Aṣọ tí a rì sínú omi tútù ni mo fi wé orúnkún ọkùnrin náà, mo gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, mo sì ní kí ó sinmi. Ó ní òun yóò padà wá nígbà ọyẹ́. Mo ní kí ó mú ọ̀pá dání.